Kí Ẹ Tó Kun Ilé Victoria Yín: Bí A Ṣe Ń Tún Ìta Ilé Àtijọ́ Ṣe ní London

Ẹni tó bá ń gbé Peckham, Camberwell tàbí Brixton, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ilé Victoria ló ń gbé, tàbí kó máa rí i lójoojúmọ́ láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ọ̀wọ́ ilé tó so kọ́ra wọn, bíríkì aláwọ̀ ìyeyè tí èéfín èédú ti sọ di dúdú, fèrèsé tó yọ ikùn síta, òrùlé òkúta pẹlẹbẹ. Láàrin ọdún 1837 sí 1901 tí Ọbabìnrin Victoria fi wà lórí ìtẹ́ ni wọ́n kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ará wa ti ra irú ilé yìí, òógùn ojú wọn ni wọ́n sì fi ń san gbèsè rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé owó tí wọ́n ná lórí ìta rẹ̀ lẹ́yìn náà ló sábà máa ń ba ilé ọ̀hún jẹ́.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi ra tiwa, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo oríkèé bíríkì iwájú ilé. Ó mọ́ tónítóní, inú wa sì dùn sí i. Ìgbà òtútù méjì kọjá, ni ojú bíríkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Àárọ̀ ọjọ́ gbogbo la ń gbá eruku ìyeyè lẹ́nu ọ̀nà. Sìmẹ́ńtì dúró digbí. Bíríkì ló ń kú.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ògiri ilé Victoria kò ní àyè láàrin bí ti ilé òde òní. Bíríkì gidi ni láti ìta dé inú, nínípọn rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 9. Òjò á wọ̀ ọ́ díẹ̀, afẹ́fẹ́ àti oòrùn á sì fa omi náà jáde padà. Oríkèé tó wà láàrin bíríkì ló ń gbà jáde, nítorí lime ni wọ́n fi mọ ọ́n: òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná ńlá, tí wọ́n wá fi omi pa. Lime rọ̀ ju bíríkì lọ, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀rinrin kọjá. Sìmẹ́ńtì le ju bíríkì lọ, ó sì dí pa. Bí ẹ bá fi í dí oríkèé, omi á máa wá ọ̀nà gba ara bíríkì jáde. Bí òtútù bá mú, omi náà á dì, á wú, á sì ti ojú bíríkì jábọ́.

Ẹni tó bá dàgbà nínú ilé alámọ̀ nílé ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ẹ rántí ilé bàbá àgbà tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára kó lè dà bí ilé ìgbàlódé. Ṣebí sìmẹ́ńtì náà ló padà ń já bọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti di ẹ̀tù? Ìyà kan náà ló ń jẹ bíríkì London. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí dá lórí pé kí ẹ jẹ́ kí ògiri yín máa mí.

Ẹ kọ́kọ́ dúró sínú òjò

Kí ẹ tó pe bíríkìlà, kí ẹ tó bèèrè iye tí ọ̀dà ń lọ, ẹ dúró de ọjọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀. Ẹ wọ ẹ̀wù òjò, ẹ bọ́ síta, kí ẹ wo ilé yín fún ogún ìṣẹ́jú. Níbo ni omi ti ń fo gọ́tà kọjá? Apá ibo lára ògiri ló dúdú nígbà tí ìyókù gbẹ? Ṣé omi ń ṣàn sẹ́yìn páìpù dípò inú rẹ̀? Ẹ ya fọ́tò. Bí oòrùn bá yọ lọ́jọ́ kejì, ẹ tún wo ibi tó pẹ́ jù kó tó gbẹ. Ibẹ̀ ni àìsàn wà.

Ẹ tún lọ sí òdìkejì títì pẹ̀lú awò awọ̀nàjíjìn, kí ẹ wo òrùlé àti chimney. Òkúta òrùlé tó ti yọ̀ kúrò láyè, igi kékeré tó hù lára chimney, ewédò tó tọ páìpù wálẹ̀, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti ibi tó sán, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Omi sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju aláǹgbá lọ. Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ibi tó sán ló yẹ kó kó yín lẹ́rù jẹ. Amọ̀ ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ilé London: á mu omi yó nígbà òtútù, á wú, á gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á sún kì. Ilé á sì máa bá a lọ sókè-sódò díẹ̀díẹ̀. Nígbà ọ̀dá ọdún 1976, ọ̀pọ̀ ilé ló rì lórí amọ̀ yìí. Bí ibi tó sán bá fẹ̀ ju mílímítà 5 lọ, tó gba igun fèrèsé lọ ní ìdábùú bí àtẹ̀gùn, tàbí tó ń fẹ̀ sí i láti oṣù dé oṣù, ẹ fi bíríkìlà sílẹ̀ ná. Ẹ pe structural engineer, onímọ̀ tó ń yẹ ìdúró ilé wò, kí ẹ sì sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò yín. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibẹ̀, kí ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń rìn.

Ìwé àṣẹ

Ẹ má ṣe fo ibí yìí. Ẹ wo orúkọ ilé yín nínú ìwé Historic England, àjọ ìjọba tó ń rí sí ilé àtijọ́, tí wọ́n kọ àwọn ilé tí òfin dáàbò bò sí. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ilé yín bá wà níbẹ̀, ì báà ṣe Grade I, II* tàbí II, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni láti yí ìrísí rẹ̀ padà láìgba àṣẹ káńsù. Ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó ṣì lè wà ní conservation area, irú àdúgbò tí òfin ọdún 1967 bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bo ìrísí rẹ̀. Káńsù tún lè fi àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Article 4 lé e, tó túmọ̀ sí pé ẹ kò lè pààrọ̀ fèrèsé tàbí kun bíríkì tí wọn ò kùn rí láìjẹ́ pé ẹ bèèrè. Bó bá jẹ́ fúláàtì lẹ ní nínú ilé tí wọ́n pín, òmìnira yín tún kéré sí ti onílé odindi, ẹ sì gbọ́dọ̀ ka ìwé lease yín, ìwé àdéhùn fúláàtì náà, kí ẹ mọ ta ló ni ìta ilé. Lọ́pọ̀ ìgbà, freeholder, ẹni tó ni ilẹ̀ àti odindi ilé, ló ni ín.

Bí ẹ bá fẹ́ tú chimney àjọni tàbí gé ògiri tí ẹ̀yin àti aládùúgbò jọ ni, òfin Party Wall ọdún 1996 ní kí ẹ fi ìwé sọ fún un ní oṣù 2 ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ kí i dáadáa kí ìwé tó dé. Ẹyẹ tó ń pamọ lọ́wọ́ àti àdán inú òrùlé náà ní òfin tiwọn. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ dúró, ẹ bèèrè.

Láti òkè wá sílẹ̀

Òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí omi kì í gòkè. Ẹni tó bá tún ògiri ṣe kó tó tún gọ́tà ṣe yóò ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Scaffold wọ́n gan-an, àti pé bí yóò bá dúró lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé káńsù. Iléeṣẹ́ tó ni ín ló sábà máa ń gbà á. Nítorí náà, ẹ kó gbogbo iṣẹ́ òkè jọ sí ìgbà kan ṣoṣo: òrùlé, chimney, gọ́tà, fèrèsé òkè. Àkàbà kò tó fún iṣẹ́ tó bá ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ẹ má fi ẹ̀mí yín wéwu.

Òkúta òrùlé náà, slate, Wales ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, reluwé ló sì gbé e dé London. Ó lè lo ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ìṣó tó dì í mú ló ń kọ́kọ́ dípẹtà, tí òkúta fi ń yọ̀ wálẹ̀. Bí díẹ̀ péré bá yọ̀, kí wọ́n dá wọn padà. Bó bá jẹ́ pé káàkiri òrùlé ni wọ́n ti ń yọ̀, ìṣó ti tán nìyẹn: kí wọ́n tú u, kí wọ́n ṣa àwọn òkúta tó ṣì dára, kí wọ́n fi ìṣó bàbà kàn wọ́n padà. Bí ẹ bá fi òòlù kan òkúta kan, tó dún gbọnrangandan, ó ṣì lágbára. Bó bá dún bí páálí, ẹ jù ú nù. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni da ọ̀dà dúdú sórí òrùlé, ẹ má sì gbà kí wọ́n fín fóòmù sí abẹ́ rẹ̀ láti inú àjà. Fóòmù yẹn ń fi ọ̀rinrin há igi òrùlé mọ́, ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ kì í sì í fẹ́ yáni lówó lórí ilé tó ní in.

Ọ̀pọ̀ ilé London ní òrùlé tó rì sáàrin bí ìyẹ́ labalábá, tí ògiri kékeré sì bo iwájú rẹ̀. Gọ́tà òjé wà láàrin ibẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè rí láti ìsàlẹ̀. Bí ewé bá dí i, inú yàrá ni omi ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gun ibẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò fún yín. Òjé tó bá ya la fi òjé pààrọ̀. Téèpù oníke tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn kì í tọ́jọ́.

Gọ́tà àti páìpù irin ńkọ́? Ẹ fi dígí kékeré wo ẹ̀yìn páìpù, nítorí ẹ̀yìn tí búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà kì í dé ni ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́. Ẹ há ìpẹtà kúrò, ẹ fi ọ̀dà irin kùn ún, kí ẹ sì rí i pé àyè díẹ̀ wà láàrin páìpù àti ògiri.

Bíríkì: ibi tí sùúrù ti ń pé

Kì í ṣe gbogbo oríkèé ló yẹ kí ẹ tú. Lime àtijọ́ tó bá ṣì dì mú, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó ti di ìyẹ̀fun, tó jìn sínú, tàbí tó jẹ́ sìmẹ́ńtì tó ń pa bíríkì lára, òun nìkan ni iṣẹ́ wà fún. Sìmẹ́ńtì tó le débi pé yíyọ rẹ̀ yóò fọ́ etí bíríkì, ẹ jẹ́ kó máa wà níbẹ̀ títí yóò fi ṣí fúnra rẹ̀.

Ọwọ́ ni ká fi tú u: òòlù àti chisel pẹlẹbẹ. Grinder yára, ṣùgbọ́n bó bá yọ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti gé etí bíríkì tó ti wà níbẹ̀ láti ayé Victoria. Ẹ tú u jìn tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ oríkèé, ó kéré tán mílímítà 20 sí 25. Ẹ gbá eruku rẹ̀ kúrò, ẹ fi omi ṣan án láti òkè wálẹ̀.

Ní ti àpòpọ̀, orí àpò lime ni ẹ ó ti rí NHL 2, NHL 3.5 tàbí NHL 5 (NHL ni natural hydraulic lime, irú lime tó ń fi omi dì). Nọ́ńbà yẹn ń sọ bó ti máa le tó. Fún bíríkì ìyeyè London tó rọ̀, 2 tàbí 3.5 ló dára. 5 le jù fún un. Ìwọ̀n lime 1 sí iyanrìn 2.5 tàbí 3 ni, garawa ni kí ẹ sì fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣọ́bìrì. Iyanrìn olójú mímú tí wọ́n ti fọ̀ ni kí ẹ lò, kó ní kékeré kó ní ńlá. Iyanrìn kíkúnná tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri kò dára fún un. Ẹ bu omi sí i níwọ̀nba, kí ẹ po ó fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ó tó nígbà tó bá lẹ̀ mọ́ trowel tí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú: lime tútù máa ń jó awọ ara, ó sì lè fọ́ ojú. Bó bá ta sí ojú, omi púpọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ tó gba ilé ìwòsàn lọ.

Ẹ fi omi rin ògiri kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bíríkì gbígbẹ á fa omi inú lime mu, lime yẹn á sì di eruku. Kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé láti ìsàlẹ̀ oríkèé wá síta, kó má ṣe ku ihò lẹ́yìn, kí ojú rẹ̀ sì sún wọlé díẹ̀ sí ti bíríkì. Èyí tí wọ́n rẹ́ jáde sórí bíríkì yóò bu bíríkì lẹ́wà kù, yóò sì fa omi dúró. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, tí àtàǹpàkò kò bá lè wọ inú rẹ̀ mọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun líle lù ú dáadáa. Kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì onírin. Lílù yìí ló ń mú kó dì, tó sì ń la ojú rẹ̀ kó lè máa mí. Aṣọ tó rí bí ti àpò kòkó ni kí ẹ fi bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí ojú ọjọ́ bá wà nísàlẹ̀ ìdíwọ̀n 5 ti Celsius, ẹ má ṣe é rárá. Láti April sí ìparí September ni mo máa ń ṣe tèmi.

Ẹ sọ fún bíríkìlà kó kọ́kọ́ ṣe ìwọ̀n mítà kan péré níbi tí kò hàn, kẹ́ ẹ dúró kó gbẹ, kẹ́ ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò nílò irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa lọ.

Bíríkì tí ojú rẹ̀ ti jábọ́, a lè fà á yọ, ká yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ká mọ ọ́n padà. Bí kò bá ṣeé yí, ẹ wá irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ẹrù ilé àtijọ́. Ẹ mú ìwọ̀n dání, nítorí bíríkì ìgbà yẹn máa ń tóbi díẹ̀ ju ti òní lọ.

Ẹ má ṣe fín iyanrìn sí bíríkì láti fi nù ún. Iná ló fún un ní awọ líle, bí awọ yẹn bá ti lọ, kò tún ní hù mọ́. Bí dúdú èédú bá ń dà yín láàmú, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ fi oru omi gbígbóná rọra fọ̀ ọ́. Ẹ má sì kun bíríkì tí wọn ò kùn rí. Omi tí wọ́n ń fín sára ògiri pé òjò ò ní wọ̀ ọ́ mọ́ ń há ọ̀rinrin mọ́ inú bákan náà.

Ìsàlẹ̀ ilé mìíràn ní funfun tí wọ́n rẹ́ sí i, tí wọ́n ń pè ní stucco. Ẹ kàn án bí ẹni kan ilẹ̀kùn: ibi tó bá dún bí igbá òfìfo ti ṣí kúrò lára ògiri, ẹ gé ibẹ̀ nìkan, kí wọ́n fi lime tún un rẹ́. Ọ̀dà tó ń jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde ni kí ẹ bèèrè, irú mineral paint.

Fèrèsé àti ọ̀dà

Ìjọba ń gba owó orí lórí fèrèsé títí di 1851, ọdún kan náà tí Àjàyí Crowther lọ kí Ọbabìnrin Victoria ní Windsor. Owó orí gíláàsì ti kúrò ní 1845. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé ìgbà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò. Fèrèsé sash, èyí tí ń fà sókè fà sílẹ̀ lórí okùn, igi tó dàgbà díẹ̀díẹ̀ nínú òtútù ni wọ́n fi ṣe é, ó sì le ju pákó tí ẹ ó rà lónìí. Ẹ má ju irú igi bẹ́ẹ̀ nù kí ẹ fi oníke rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi screwdriver gún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibi tó bá rọ̀ nìkan ni káfíńtà yóò gé, tí yóò fi igi tuntun so pọ̀ mọ́ ọn. Kó pààrọ̀ okùn, kó fi ìdènà afẹ́fẹ́ sí etí rẹ̀, òtútù á dín kù gan-an.

Ọ̀dà àtijọ́ léwu. Òjé wà nínú rẹ̀, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní Bìrìtìkó, 1992 ni wọ́n tó fòfin de títa irú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, ẹ ro pé òjé wà nínú ọ̀dà ilé yín títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kò sí. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha á, ẹ má fi iná jó o. Ẹ rin ín kí ẹ tó ha á, ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ẹ wọ ìbòmú tó yẹ, kí aboyún àti ọmọdé jìnnà síbẹ̀. Ẹ fọ aṣọ iṣẹ́ yín lọ́tọ̀. Ọ̀dà tó bá ṣì dì mú dáadáa, ẹ kùn lé e lórí.

Putty tuntun ti gíláàsì gbọ́dọ̀ di awọ kí ẹ tó kùn ún, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dà gun orí gíláàsì ní mílímítà 2, kí omi má bàa gba àárín wọn wọlé.

Ẹsẹ̀ ilé

Bí ìsàlẹ̀ ògiri inú bá ń rin, ẹ wo ìta kí ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni lu ihò sí ògiri yín láti fín kẹ́míkà sí i. Ṣé ilẹ̀ ìta ti ga sókè nítorí kọnkéré tí wọ́n ń dà lé ara wọn? Ó yẹ kó fi mílímítà 150 kéré sí ìlà tó ń dá ọ̀rinrin dúró lára ògiri. Ṣé wọ́n ti dí bíríkì oníhò tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ pákó ilẹ̀? Ẹ ṣí i. Ṣé páìpù ń da omi sí ẹsẹ̀ ògiri? Ẹ tún un ṣe, kí ẹ dúró fún oṣù mélòó kan. Ògiri kì í gbẹ lọ́jọ́ kan.

Irin ọgbà iwájú, bí ẹ bá rí kùkùté rẹ̀ péré lórí òkúta, ìgbà ogun Hítílà ni wọ́n gé wọn lọ fún ìjọba. Alágbẹ̀dẹ lè rọ irú rẹ̀ bí ẹ bá ya àwòrán ti aládùúgbò tó ṣì kù.

Bí wọ́n bá ti tú scaffold tán, ẹ kọ déètì gbogbo iṣẹ́ sínú ìwé kan, pẹ̀lú irú lime àti ọ̀dà tí ẹ lò àti fọ́tò. Kí ẹni tí yóò nu gọ́tà wá ní ìparí November nígbà tí ewé bá ti wọ́ tán, kó sì tún wá ní April. Ẹ san owó tó kẹ́yìn fún àwọn oníṣẹ́ lẹ́yìn tí òjò ńlá kan bá ti rọ̀, tí ẹ sì ti tún dúró níta fún ogún ìṣẹ́jú.